Headset Géèmù Aláìníwáyà: Ìbéèrè Tí Àwọn Èèyàn Ń Bèèrè Jù Ní Abẹ́òkúta

Láti Alábàtà títí dé Ìta-Ọ̀ṣìn, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń gbá géèmù ń gbé wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi headset oníwáyà sílẹ̀. A to ìdáhùn wọn síbí, èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó díjú ló wà nísàlẹ̀.

Kí ni headset aláìníwáyà fi yàtọ̀ sí èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀?

Headset oníwáyà ń gba ohùn tààrà láti inú ihò 3.5mm tàbí ihò USB. Aláìníwáyà ní ohun mẹ́ta mìíràn nínú: rédíò kékeré tó ń gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́, bátìrì, àti ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí rédíò náà gbà di ohùn létí yín. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí náà ni wàhálà rẹ̀ máa ń ti wá. Bí ohùn bá ń gé, ẹ fura sí rédíò. Bí ó bá kú láàárín eré, ẹ wo bátìrì.

Èrè rẹ̀ ni pé kò sí wáyà tí yóò há sábẹ́ àga, tí yóò sì já ní ìdí pulọ́ọ̀gì. Wáyà tó já níbẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ headset oníwáyà.

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí n pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀?

Ó lè má yẹ. Bí ó bá jẹ́ pé tìmùtìmù etí rẹ̀ nìkan ló ti bó, ẹ ra tìmùtìmù. Bí etí kan bá ti dákẹ́, ẹ rọra tẹ̀ wáyà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún nítòsí pulọ́ọ̀gì. Bí ohùn bá ń wá tó ń lọ, wáyà ló já nínú, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lè gé e kí ó sì fi òjé jó pulọ́ọ̀gì tuntun mọ́ ọn.

Ẹ mọ̀ pé nínú owó aláìníwáyà, apá kan jẹ́ ti rédíò àti bátìrì, kì í ṣe ti ohùn. Bí owó ọwọ́ yín bá mọ níwọ̀n, oníwáyà tó dára sàn ju aláìníwáyà olówó pọ́ọ́kú lọ, ohùn rẹ̀ á dùn jù, á sì pẹ́ jù.

Ṣé headset tuntun máa dín lag kù nígbà tí mo bá ń gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Rárá. Lag ni ìdádúró tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, ping ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́. Ping ni àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ láti ẹ̀rọ yín dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tí géèmù náà wà lórí rẹ̀, tó sì fi ń padà. Headset kò sí lójú ọ̀nà yẹn. Ohun tí headset lè mú yá tàbí mú falẹ̀ ni àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ìbọn yìn lójú ẹ̀rọ sí ìgbà tí ẹ gbọ́ ọ. Bí àwọn èèyàn inú Call of Duty: Mobile bá ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ bá wí.

Bluetooth ni kí n rà, àbí èyí tó ní dongle?

Dongle. Lórí èyí, a kì í ṣe iyèméjì. Dongle ni USB kékeré tó máa ń bá headset wá nínú páálí, tó ń fi rédíò 2.4GHz bá headset yẹn nìkan sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ sábà máa ń dé etí láàárín nǹkan bíi 20 sí 40 mílísẹ́kọ́ǹdù. Bluetooth lásán sábà máa ń gba 150 sí 250. Ẹni tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn yín á ti yìnbọn kí ẹ tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé Bluetooth wọn kò ní wàhálà nígbà tí wọ́n bá ń wo fíìmù. Òótọ́ ni, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù jáde mọ ohun tó ń bọ̀, ó lè dá àwòrán dúró díẹ̀ kí ohùn lè bá a. Géèmù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò mọ ìgbà tí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì.

Àwọn ìgbọ́hùn Bluetooth kan ní ètò tí wọ́n ń pè ní game mode. Ó ń dín ìdádúró náà kù lóòótọ́, ó sì tó fún géèmù bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Fún géèmù ìbọn, kò tó. Ẹ ṣọ́ra fún páálí tó kàn kọ «wireless» láìsí 2.4GHz lára rẹ̀, Bluetooth nìkan ló sábà máa ń wà nínú irú wọn.

Ṣé èyíkéyìí tí mo bá rà ló máa bá ẹ̀rọ mi ṣiṣẹ́?

Rárá o, ibí yìí sì ni owó ti ń ṣòfò jù.

PS4 àti PS5 kì í gba headset Bluetooth lásán. Dongle USB ni wọ́n ń gbà, tàbí kí ẹ ki wáyà 3.5mm bọ ihò tó wà lára páàdì. Àwọn headset Sony tó ń lo PlayStation Link, bíi Pulse Elite, ní dongle tiwọn, PS5 àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹni tó ṣì ń lo PS4 kò gbọdọ̀ rà á torí pé ó rí orúkọ PlayStation lára rẹ̀.

Xbox le jù. Ó ní rédíò tirẹ̀, kì í gba ohùn Bluetooth, kì í sì í gba dongle tí Microsoft kò fọwọ́ sí. Dongle tí wọ́n ṣe fún PlayStation kò ní dún lára rẹ̀ rárá. Ẹ rí i pé orúkọ Xbox wà lára páálí gan-an. Headset kan náà lè ní ẹ̀yà méjì lọ́jà, ọ̀kan fún Xbox, èkejì fún PlayStation, kí páálí wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Èyí tó jẹ́ ti Xbox ló sábà máa ń gbòòrò jù: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn sì ní bọ́tìnnì kan tí ẹ lè fi yí i sí PlayStation.

Nintendo Switch bẹ̀rẹ̀ sí í gba Bluetooth ní 2021, nígbà tí ẹ̀yà 13.0.0 ti ètò inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n máìkì Bluetooth kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Fún fóònù Android, ẹ wá dongle tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ USB-C. Bí fóònù yín bá jẹ́ ti ẹnu kékeré àtijọ́, wáyà OTG, èyí tó ń jẹ́ kí fóònù gba ohun èlò USB, ni ẹ máa fi so ó pọ̀. Kọ̀ǹpútà ni kò ní ìjàngbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo wọn tán.

Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn nọ́ńbà ara páálí?

Ìwúwo, wákàtí bátìrì, àti irú rédíò. Headset tó wúwo ju 350 gíráàmù á di ẹrù lórí lẹ́yìn wákàtí méjì. «50mm», ìyẹn fífẹ̀ spíkà inú etí, kò sọ pé ohùn dùn ju «40mm» lọ. «20Hz–20,000Hz» jẹ́ ìwọ̀n ohun tí etí èèyàn ń gbọ́, gbogbo wọn ló sì ń kọ ọ́. «7.1» kì í ṣe spíkà méje nínú etí, ètò inú kọ̀ǹpútà ni, a sì máa dé orí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Iná kì í dúró ládùúgbò mi. Wákàtí mélòó ló yẹ kí bátìrì rẹ̀ gbé?

Ẹ má ra èyí tí kò tó 20 wákàtí. Àwọn tó wà lọ́jà yàtọ̀ síra púpọ̀: ilé iṣẹ́ tó ṣe Sony Pulse 3D ní wákàtí 12 ni ó ń gbé, Pulse Elite ń gbé 30, HyperX Cloud Alpha Wireless sì ń gbé tó 300. Bí ẹ bá ń gbá géèmù fún wákàtí mẹ́ta lálẹ́, èyí tó jẹ́ 30 wákàtí á gbé yín fún nǹkan bí alẹ́ mẹ́wàá, ẹni tí iná rẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò ní ìṣòro. Headset tó ní iná aláràbarà máa ń jẹ bátìrì gan-an, ẹ pa iná náà nínú áàpù rẹ̀.

Power bank lè ṣáàjì rẹ̀. Bí bátìrì headset bá jẹ́ 1,000mAh, power bank 10,000mAh lè ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá torí agbára díẹ̀ ń ṣòfò lójú ọ̀nà.

Ohun tí a kà sí pàtàkì jù fún ẹni tó ń gbé níhìn-ín ni ihò 3.5mm lára headset náà. Bí bátìrì bá kú, ẹ ó fi wáyà so ó mọ́ páàdì, eré á sì máa lọ. Àwọn kan kò ní ihò yìí, USB wọn sì wà fún ṣáàjì nìkan. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. SteelSeries Arctis Nova Pro Wireless gba ọ̀nà mìíràn: bátìrì méjì ló bá a wá, ọ̀kan ń gba iná lára àpótí rẹ̀ bí ẹ ti ń lo èkejì. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sílé fún ìsinmi gígùn, ẹ fi bátìrì náà sí bí ìdajì kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá, tí ẹ sì pa tì fún oṣù mélòó kan, lè kọ̀ láti gba iná mọ́. Ooru náà ń pa á: ẹ má fi sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, ẹ má sì gbé e lé orí inverter.

Ṣájà wo ni kí n fi ṣe é?

Ṣájà fóònù èyíkéyìí tó jẹ́ ojúlówó. Headset á gba iye tó fẹ́ nìkan, ṣájà tó lágbára kò ní bà á jẹ́. Ìṣòro kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: headset olówó pọ́ọ́kú kan kì í gba iná rárá bí orí wáyà méjèèjì bá jẹ́ USB-C. Kò bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ ni kò fi èròjà kékeré kan sí ẹnu ihò rẹ̀, ìyẹn ni ṣájà náà kò fi mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ lo wáyà tó bá a wá nínú páálí, èyí tí orí rẹ̀ kan jẹ́ USB fífẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ tan án, ẹ jẹ́ kí ìró rẹ̀ dọ́gba ná kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yọ ọ́ kí epo tó tán. Iná tó ń lọ sókè sódò nígbà tí epo ń tán ni ó ń ba ṣájà jẹ́.

Níbo ni kí n ti rà á, báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú?

Àwọn ṣọ́ọ̀bù fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Pánṣẹ́kẹ́ àti Òkè-Ìlẹ̀wó ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé ẹ lè dán an wò lójú ẹsẹ̀, ẹ sì lè padà lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó fẹ́ yan láàárín oríṣiríṣi máa ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì ro ti ìrìn àjò ẹlẹ́ẹ̀kejì bí ó bá ní àléébù.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká yín dání. Áàpù ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló máa ń tú ayédèrú fó: Logitech ń lo G HUB, HyperX ń lo NGENUITY. Ẹ ti gbé áàpù náà sórí kọ̀ǹpútà nílé. Bí ẹ bá ki dongle bọ ọ́ tí áàpù kò dá a mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ máìkì rẹ̀, ẹ rìn jìnnà bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí kọ̀ǹpútà, ẹ sì tẹ gbogbo bọ́tìnnì.

Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ ọjà àti ọjọ́ wà lára rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní rìsíìtì á fi ẹnu ṣiṣẹ́ púpọ̀.

Tòkúnbọ̀ ńkọ́?

Ẹ béèrè dongle kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Tòkúnbọ̀ tí dongle rẹ̀ ti sọnù, Bluetooth lásán ni ẹ rà, bí ó bá tilẹ̀ ní Bluetooth. Bátìrì ló tẹ̀ lé e. Ẹ tan án, ẹ wo iye tó wà nínú bátìrì láti inú áàpù, ẹ lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Headset oní-30 wákàtí tó bá jẹ ìdá mẹ́wàá láàárín àkókò yẹn, bátìrì rẹ̀ ti gbó.

Tìmùtìmù aláwọ ni kí n yàn, àbí ti aṣọ?

Pẹ̀lú ooru tiwa níhìn-ín, aṣọ. Èyí tó jọ awọ kì í ṣe awọ, rọ́bà fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ ni. Òógùn àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́ títí tí yóò fi máa bó wẹ́wẹ́ sí yín lẹ́rẹ̀kẹ́. Àǹfààní tó ní ni pé ó ń dí ariwo ìta mọ́ etí dáadáa, tí báàsì rẹ̀ sì máa ń wúwo. Nítorí náà, bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yín, ẹ lè fara da ti awọ.

Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ fi aṣọ tí omi díẹ̀ wà lára rẹ̀ nù ún lẹ́yìn eré, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Ẹ má sá a sóòrùn. Kí ẹ tó ra headset, ẹ wò ó bóyá tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé yọ, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń ta á lọ́tọ̀.

Mo di irun, mo sì ń lo awò ojú. Ṣé kò ní há mi lórí?

Ó lè há. Ẹ fi dé orí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú awò náà lójú. Bí ó bá há díẹ̀, ẹ nà án sórí páálí rẹ̀ mọ́jú, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ mélòó kan. Apá tó ní irin nínú ló ń gba nínà, èyí tó jẹ́ ike pátápátá lè ṣẹ́. Fún irun tó ga, ẹ wá èyí tó ní ọ̀já rírọ̀ lábẹ́ apá orí.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ tí mo bá gbé e délé?

Ẹ ṣáàjì rẹ̀ títí yóò fi kún. Ẹ ki dongle bọ ara kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ àmì spíkà lójú Windows pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ wọ Sound settings, ẹ yan headset náà ní Output àti ní Input. Bí ẹ bá rí orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ọ̀kan jẹ́ Game tí èkejì jẹ́ Chat, ẹ fi Windows sí Game, kí ẹ sì fi Discord, áàpù tí àwọn tó ń gbá géèmù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, sí Chat. Ẹ wọ inú Discord fúnra rẹ̀ kí ẹ yàn án níbẹ̀ náà, torí kì í fìgbà gbogbo tẹ̀ lé Windows.

Lórí PS4, ẹ lọ sí Settings, Devices, Audio Devices, kí ẹ sì fi Output to Headphones sí All Audio. Bí ó bá wà ní Chat Audio, ohùn àwọn ọ̀rẹ́ nìkan ni ẹ máa gbọ́, ẹ ó sì rò pé headset ti bàjẹ́. PS5 ní irú ètò yìí kan náà lábẹ́ Sound.

Wọn kì í gbọ́ mi, tàbí jẹnẹrétọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Bí wọn kò bá gbọ́ yín rárá, ẹ wo bọ́tìnnì tó ń pa máìkì. Lára àwọn kan, máìkì ń pa ara rẹ̀ bí ẹ bá gbé e sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo Privacy nínú Windows bóyá ẹ ti fàyè gba áàpù náà láti lo máìkì.

Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń bò yín mọ́lẹ̀, ẹ fa máìkì súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kí àlàfo tó wà níbẹ̀ tó ìka méjì, kó má sì dojú kọ èémí yín. Kí ẹ wá dín agbára máìkì kù nínú Settings. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń fi agbára kún un, èyí sì ń gbé ariwo ìta sókè pẹ̀lú ohùn wọn. Ẹ tan ètò Krisp nínú Discord náà, ó ń gé ìró tó ń lọ geere bíi ti jẹnẹrétọ̀ àti fáànù kúrò.

Bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀, ohùn géèmù máa ń lọ sílẹ̀. Kí ló dé?

Windows ló ń ṣe é, kì í ṣe headset. Ẹ ṣí Control Panel, Sound, ẹ lọ sí Communications, ẹ yan Do nothing.

Nígbà tí mo bá tan máìkì, gbogbo ohùn di bí ìgbà tí èèyàn ń pe fóònù. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́, Bluetooth ni ẹ ń lò. Bluetooth àtijọ́ ní ọ̀nà méjì: ọ̀kan fún gbígbọ́ orin, tó dùn, tó sì pín sí etí ọ̀tún àti òsì, èkejì fún ìpè, tó ń gbé ohùn lọ síwá sẹ́yìn ṣùgbọ́n tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó sì fẹ́lẹ́. Kò lè lo méjèèjì pọ̀. Bí áàpù kan bá ti pe máìkì, ó sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀nà ìpè, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ọ̀tá ti ń bọ̀ mọ́.

Ẹ yí padà sí dongle. Bí kò bá sí dongle, ẹ yan máìkì mìíràn ní Input, kódà èyí tó wà lára kọ̀ǹpútà alágbèéká, ohùn yóò padà bọ̀ sípò.

Ohùn ń gé wẹ́wẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì kún. Kí ni mo máa ṣe?

Afẹ́fẹ́ 2.4GHz inú yàrá yín ló kún. MiFi, hotspot fóònù, Bluetooth, páàdì, máòsì aláìníwáyà, gbogbo wọn lè pàdé níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Alábàtà, fóònù tó ń pín dátà máa ń wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú dongle, ó lè má jìnnà tó ìbú ọwọ́ kan. Rédíò fóònù náà ń pariwo lé dongle lórí.

Ẹ kọ́kọ́ gbé fóònù tàbí MiFi náà jìnnà, mítà kan ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ètò hotspot lórí Android, ẹ yí Band rẹ̀ láti 2.4GHz sí 5GHz, bí fóònù àti kọ̀ǹpútà yín bá gbà á. Ìgbésẹ̀ kan yìí ń tán ọ̀pọ̀ nínú ìṣòro náà. Bí ó bá jẹ́ ráútà tí kò ní 5GHz, ẹ yan channel 1, 6 tàbí 11, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kejì fara pamọ́. Ihò USB 3.0, èyí tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù, máa ń tú ariwo rédíò jáde sínú 2.4GHz nígbà tí hard disk tàbí flash bá ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Intel ti kọ èyí jáde láti 2012. Bí dongle yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hard disk tí géèmù wà lórí rẹ̀, ẹ kó o lọ sí ihò USB 2.0, tàbí kí ẹ ra wáyà USB tó gùn tó ìdajì mítà, kí dongle lè jókòó sórí tábìlì níwájú yín. Ara èèyàn àti irin àpótí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ń dí rédíò yìí, nítorí náà ẹ má fi dongle sí ẹ̀yìn àpótí tó wà nílẹ̀.

Bí ó bá ń gé síbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé e lọ sílé ẹlòmíràn tí Wi-Fi kò pọ̀. Bí ó bá dúró déédéé níbẹ̀, yàrá yín ló ní ẹjọ́. Bí kò bá dúró, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ó ń kùn bí oyin nígbà tí mo bá ń lò ó tí mo sì ń ṣáàjì rẹ̀.

Iná tí ṣájà tàbí inverter olówó kékeré ń fún un kò mọ́, ìdọ̀tí inú iná náà ló wọ inú ohùn. Ẹ yọ wáyà: bí ìkùn náà bá dákẹ́, ẹ ti mú olè. Ẹ máa fi power bank ṣáàjì rẹ̀ bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó lọ.

Ṣé kí n tan 7.1 tàbí Dolby Atmos?

Ẹ tan ẹyọ kan ṣoṣo. Etí ń mọ ibi tí ìró ti wá nítorí pé ó ń dé etí kan ṣáájú èkejì, àti nítorí bí orí àti ewé etí ṣe ń yí i padà. Àwọn ètò wọ̀nyí ń ṣe àfarawé ìyẹn. PS5 ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ Tempest, Windows ní Windows Sonic lọ́fẹ̀ẹ́, Dolby Atmos sì ní owó tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù ìbọn, bíi Valorant, tún ní irú ètò yìí, tí wọ́n ń pè ní HRTF, nínú ara wọn.

Bí méjì bá ṣiṣẹ́ lórí ara wọn, ohùn á di rúdurùdu, ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dún bí ẹni pé iwájú ló wà. Ìmọ̀ràn wa: bí géèmù bá ní tirẹ̀, ẹ tan ti géèmù, kí ẹ sì pa ti áàpù headset àti ti Windows.

Áàpù ní kí n ṣe update headset náà. Ṣé ó léwu?

Ó léwu bí iná bá lọ láàárín rẹ̀. Update ń kọ ètò tuntun lé orí ti àtijọ́ nínú headset. Bí ó bá dúró lágbedeméjì, ó lè má tan mọ́. Ẹ má ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì bí kò bá sí UPS. Ẹ lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ju ìdajì lọ, ẹ fi wáyà so headset mọ́ ọn, ẹ sì ṣe ti dongle náà, torí ẹ̀yà tiwọn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí headset bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí update náà kò sì tún nǹkan tó ń dà yín láàmú ṣe, ẹ lè fi í sílẹ̀.

Ṣé mo lè gbọ́ ìpè fóònù bí mo ti ń gbá géèmù?

Bí headset náà bá lè lo dongle àti Bluetooth lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni. SteelSeries Arctis Nova 7 ń ṣe é. Àwọn mìíràn ní méjèèjì ṣùgbọ́n ẹ ní láti tẹ bọ́tìnnì kí ó tó bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì. «2.4GHz àti Bluetooth» lára páálí kò sọ èwo nínú méjèèjì ni, ẹ dán an wò.

Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo etí mi?

Àjọ ìlera àgbáyé WHO fi ààlà sí 80 désíbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, àti 75 fún àwọn ọmọdé. Bí ohùn bá ti ń ga sí i, wákàtí náà ń yára dín kù. Ewu tiwa ni jẹnẹrétọ̀: èèyàn á gbé ohùn sókè kó lè borí rẹ̀, iná á dé, wọ́n á pa jẹnẹrétọ̀, kò sì ní rántí dá ohùn padà. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn eré, ohùn yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù lọ́jọ́ kejì, bí ó bá sì ń hó lọ láìdúró, ẹ lọ rí dókítà etí.

Dongle mi sọnù. Ṣé mo lè ra òmíràn?

Ó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àwọn kan ń ta dongle lọ́tọ̀, wọ́n sì ní áàpù tí ẹ lè fi so ó mọ́ headset yín. Àwọn mìíràn ti so méjèèjì pọ̀ láti ilé iṣẹ́, dongle ẹlòmíràn kò sì ní bá tiyín sọ̀rọ̀ bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Ẹ má ra dongle lásán lọ́jà tí kì í ṣe ti orúkọ àti ẹ̀yà headset náà gẹ́lẹ́.

Títí ẹ ó fi rí òmíràn, ẹ fi wáyà 3.5mm lò ó. Bí ẹ bá rí i, ẹ ya nọ́ńbà tó wà lára dongle àti èyí tó wà lábẹ́ tìmùtìmù headset lójú fóònù, kí ẹ sì máa tọ́jú dongle náà sínú ihò kékeré tí àwọn headset kan ní fún un, tàbí kí ẹ jẹ́ kó máa wà lára ẹ̀rọ tí ẹ ń lò jù.